Bí Ẹ Ṣe Máa Dáhùn Kwẹ́ṣìn "Evaluate" Nínú Ẹgzáàmù P.E. Kí Máàkì Má Baà Ṣòfò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń múra P.E. sílẹ̀, IGCSE lẹ fẹ́ ṣe ni o, A-level ni o, ẹ ti wọlé sí Kinesiology ní OAU ni o, tàbí ẹ wà ní Iléṣà lọ́hùn-ún ní yunifásítì tó ti fìgbà kan jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tó ń ṣe WAEC náà lè jókòó tì wá, torí ẹni tó bá mọ kwẹ́ṣìn evaluate ṣe, "discuss" ò lè dà á láàmú mọ́ láyé.

Ohun tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Lágéré nílẹ̀ Ifẹ̀ níbí ni pé wọ́n mọ̀wé o, kì í ṣe pé wọn ò kàwé. Ẹ bi wọ́n ní interval training, ìyẹn kéèyàn ṣiṣẹ́ kíkan díẹ̀, kó sinmi, kó tún ṣe é, wọ́n á là á yé yín dáadáa, work, rest, set, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kwẹ́ṣìn bá ti ní kí wọ́n evaluate ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á da gbogbo ohun tó wà lórí wọn sórí pépà, ojú ìwé kan ààbọ̀, bírò ò dúró, tí èsì bá wá dé, nínú máàkì mẹ́jọ wọ́n á rí mẹ́ta, wọ́n á wá máa ní ẹni tó máàkì ìwé náà ló burú. Kò burú o. Kwẹ́ṣìn ni wọn ò dáhùn.

Kwẹ́ṣìn evaluate, ẹjọ́ ni. Wọ́n gbé nǹkan kan wá síwájú yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ gbọ́ tọ̀tún tòsì, kẹ́ ẹ wá dá a. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó kọ àǹfààní nìkan tó fi àléébù sílẹ̀, òṣìkà P.E. nìyẹn. Ẹni tó sì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán, tó wá gbọn agbádá ẹ̀ nù, tó ń lọ sílé láìdá ẹjọ́ kankan, kí la fẹ́ pe tiẹ̀? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwé tí mo ń rí, torí náà èmi á lo àkókò lórí ìdájọ́ ju ibòmíràn lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fa ìlà sí kwẹ́ṣìn lára

Ẹ ka kwẹ́ṣìn náà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ nǹkan mẹ́ta: ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ̀, àti ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ béèrè. Ẹ̀kẹta yẹn gan-an làwọn èèyàn kì í rí. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa bá nínú ẹgzáàmù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú kwẹ́ṣìn kan tí mo fúnra mi ṣe, òun la máa lò títí a ó fi débi kan:

Ẹ evaluate bí Cooper 12-minute run ṣe bá a mu tó láti fi dán cardiovascular endurance ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan wò. Máàkì mẹ́jọ.

Cooper 12-minute run, ìyẹn test tí wọ́n fi ń wo ibi tí èèyàn lè sá dé láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Cardiovascular endurance, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe lè gbé eré gígùn tó. Cooper ló wà níwájú adájọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó bá a mu, wọn ò béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ẹ̀ ẹ má lo ìlà mẹ́fà láti máa ṣàlàyé pé wọ́n máa fọn fèrè, àwọn ọmọ á wá gbéra. Ẹni tó kàn ni agbábọ́ọ̀lù, ọmọ ilé ìwé sì ni wọ́n, wọn kì í ṣe Super Eagles. "Bọ́ọ̀lù", "ilé ìwé", "endurance", inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni gbogbo point yín ti máa jáde. Ẹ fi èyí dán ara yín wò tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán: tá a bá yọ agbábọ́ọ̀lù kúrò, tá a fi ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ rọ́pò ẹ̀, ṣé ìdáhùn yín máa yí padà? Tí kò bá yí padà, a jẹ́ pé ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ kan ẹnì kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo máàkì, ẹ wo aago

Èyí kò le. Pépà A-level ti AQA, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ẹgzáàmù ní UK, wákàtí 2 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, máàkì 105, ìyẹn ni pé máàkì kan fi díẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kwẹ́ṣìn oní-máàkì 8, ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 9. Oní-máàkì 15, ìṣẹ́jú 17, kẹ́ ẹ sì fi mẹ́ta nínú ẹ̀ ronú kí bírò tó balẹ̀. GCSE tiwọn tún há jù bẹ́ẹ̀ lọ, máàkì 78 nínú ìṣẹ́jú 75. Cambridge IGCSE fún yín ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 45 fún máàkì 100. Ẹni tó bá fi ogún ìṣẹ́jú kọ kwẹ́ṣìn oní-máàkì 8, ó ti jí nǹkan nínú àpò ara ẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé àwọn ará UK pín ohun tí wọ́n ń wá sọ́nà mẹ́ta nínú pépà tíọ́rì, AO (assessment objective) ni wọ́n ń pè é. AO1, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n. AO2, ṣé ẹ lè lò ó fún ẹni tó wà nínú kwẹ́ṣìn. AO3, ṣé ẹ lè wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ sì dá a. Àwọn kwẹ́ṣìn gígùn yìí, level ni wọ́n fi ń máàkì ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa mú tíkì kọ̀ọ̀kan fún fact kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń máàkì á ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀, á wá sọ pé level báyìí lèyí wà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó kọ fact mẹ́wàá láìsí AO3 á fi wà nísàlẹ̀, tí ẹlòmíràn tó kọ mẹ́rin péré tó sì wọ̀n wọ́n dáadáa á gun orí ẹ̀ kọjá. Ó ń dun àwọn ọmọ tó ń kírámù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fa ìlà sí àárín pépà

Lẹ́yìn ìwé tàbí létí ibẹ̀, ẹ fa ìlà kan wálẹ̀. Ohun tó gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ohun tó takò ó lọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ kan sí méjì péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ ká jọ ṣe ti Cooper yìí dáadáa torí ibẹ̀ ni oúnjẹ wà.

Ohun tó gbè é. Owó ẹ̀ kò pọ̀: pápá tí wọ́n ti wọn gígùn ẹ̀, fèrè, stopwatch, kóònù mélòó kan, ó tán. Ọmọ tó pọ̀ lè sá a pa pọ̀, ìdajì á máa sáré, ìdajì tó kù á máa ka ráùńdì fún wọn. Eré ìṣẹ́jú méjìlá gbáko, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé e, nítorí ẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n gan-an ló ń wọ̀n. Wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n fi tàkọ́kọ́ wé tìkejì. Fọ́múlà ẹ̀ náà sì rọrùn: iye mítà tí ọmọ sá, ẹ yọ 504.9 nínú ẹ̀, ẹ fi 44.73 pín in. Ọmọ tó bá sá 2,400 mítà, ìyẹn ráùńdì mẹ́fà lórí pápá 400 mítà, VO2 max ẹ̀, ìyẹn oxygen tó pọ̀ jù tí ara ẹ̀ lè lò ní ìṣẹ́jú kan, á jẹ́ nǹkan bíi 42.4 ml/kg/min.

Ohun tó takò ó wá ńkọ́? Ìfojúbù ni VO2 max tó ń gbé jáde, kò dà bí ìgbà tí wọ́n so ẹ̀rọ gáàsì mọ́ èèyàn lẹ́nu ní láàbù. Ẹni tí kò fẹ́ sáré kò ní sáré, ẹni tó bínú sí kóòṣì á máa rọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ motivation ń ba èsì jẹ́. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín agbára á tú jáde bí ẹni tí ajá ń lé, nígbà tó bá fi máa di ìṣẹ́jú kẹfà ó ti ń rìn. Oòrùn ọ̀sán oṣù kẹta nílẹ̀ Ifẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àti pápá oníyanrìn tí bàtà ń rì sínú ẹ̀, tàbí tí òjò oṣù keje ti sọ di ẹrẹ̀. Pabanbarì ẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré orí ìlà gbọọrọ. Agbábọ́ọ̀lù á sáré, á dúró, á yí padà, á fò, á tún ta, Cooper kò sì ní ìkankan nínú ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Jens Bangsbo tó jẹ́ ọmọ Denmark ló ṣe Yo-Yo intermittent recovery test fún irú eré báyìí, wọ́n á sá 20 mítà lọ, 20 mítà bọ̀, wọ́n á sinmi ìṣẹ́jú-àáyá 10, wọ́n á tún gbéra, ìyàra ẹ̀ á sì máa lé sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gòkè díẹ̀ sí i, ẹ wo èyí. Kenneth Cooper, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, ló gbé test yìí jáde ní 1968. Ọkùnrin 115 tó jẹ́ ọmọ ogun ló fi ṣe é, ó sì rí i pé ibi tí èèyàn sá dé àti VO2 max tí ẹ̀rọ wọ̀n fún un jọ ń rìn gan-an ni, correlation ẹ̀ (bí nǹkan méjì ṣe ń bá ara wọn rìn tó, 1 ló ga jù) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.9. Ibo lẹ máa gbé fact yìí sí, òsì àbí ọ̀tún? Méjèèjì! Òsì torí ó fi hàn pé test náà ṣe é gbọ́kàn lé. Ọ̀tún torí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé kan létí Sábó kò sí lára wọn, tíṣà tó bá wá gbé téébù àwọn ọmọ ogun lé e lórí tó ní kò lágbára, tíṣà yẹn ti rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ tó bá lè yí fact kan síbí sọ́hùn-ún báyìí, ẹni tó ń máàkì á ti mọ̀ pé ó ń ronú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ point kan délẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú òmíràn

Ẹ má kọ àǹfààní márùn-ún tò síra kẹ́ ẹ tó wá lọ kọ àléébù márùn-ún. Kò lòdì sófin o, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ọmọ gbàgbé láti wọ̀n wọ́n, àkókò á ti lọ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ sọ ohun tó jẹ́, ẹ so ó mọ́ ẹni inú kwẹ́ṣìn, ẹ wá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Èyí ni mo máa ń rí: "Cooper kò wọ́n, ó sì rọrùn láti ṣe." Ó parí. AO1 nìyẹn, kò kọjá ibẹ̀, ẹni tó ń ta iyán lójú títì náà lè sọ ọ́.

Èyí ni mo fẹ́ rí:

"Pápá àti stopwatch nìkan ni Cooper gbà, ọmọ tó pọ̀ sì lè sá a pa pọ̀. Fún kóòṣì ilé ìwé tó ní agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún tó sì jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ kan péré ló ní lọ́sẹ̀, èyí máa jẹ́ kó lè dán gbogbo wọn wò kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí láàbù kò lè ṣe fún un. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí máa dínkù tí àwọn ọmọ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín agbára, torí ẹni tó bá fi eré burúkú bẹ̀rẹ̀ á rìn kẹ́yìn, èsì ẹ̀ á máa sọ pé ọkàn ẹ̀ kò lágbára nígbà tó jẹ́ pé ọgbọ́n eré ni kò ní. Kóòṣì lè tún ìyẹn ṣe tó bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sá a lẹ́ẹ̀kan fún ìdánrawò, torí ẹ̀ àléébù yìí kò wúwo tó láti fi lé Cooper dànù."

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni AO3 wà. Kì í ṣe pé ẹ kọ "ṣùgbọ́n" ló sọ ọ́ di evaluate, bíwọ̀n ẹ̀ ṣe wúwo tó lẹ sọ, ẹ sì sọ ìdí.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń fà yín dé ibẹ̀ ni "this means that", "however", "this matters more because". Ẹ má kàn fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Mo ti rí ìwé tó ní "however" mẹ́fà tí kò sí àtakò kankan nínú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdájọ́

Ibi tí mo ti ń bọ̀ látẹ̀ẹ̀kan nìyí. Àwọn ọmọ á kọ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á wá fi "ní ìparí, Cooper ní àǹfààní, ó sì ní àléébù" pa á dé. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí ni kò ní àǹfààní àti àléébù láyé yìí? Àwọn mìíràn á ní "ó sinmi lórí ẹni náà". Ó dáa, ó sinmi lórí kí lára ẹni náà? Ẹ sọ ọ́!

Ọgbọ́n tí mo fi ń kọ́ àwọn tèmi ni pé lórí àléébù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: ṣé èyí ṣe é tún ṣe, àbí kò ṣe é tún ṣe? Oòrùn ṣe é tún ṣe, wọ́n lè sá a láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Pípín agbára ṣe é tún ṣe, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni. Pápá ẹlẹ́rẹ̀, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn. Motivation ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ máa sá a ní gúrúùpù, kí àwọn tó ń ka ráùńdì máa hó lé wọn lórí, ó máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè tún ti pé eré orí ìlà gbọọrọ kì í ṣe bọ́ọ̀lù ṣe. Ìyẹn wà nínú ara test náà. Nítorí náà òun ló wúwo jù, òun ló sì yẹ kó wà nínú ìdájọ́ yín, tí àwọn tó kù á tò sẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ wá dá a báyìí: "Cooper bá ilé ìwé yìí mu tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí endurance àwọn ọmọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kí wọ́n sì tún un wò ní ìparí ẹ̀, torí kò náni lówó, àwọn àléébù bí oòrùn àti pípín agbára sì ṣe é dín kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ fi yan àwọn tó máa wọ ẹgbẹ́, kò tó, torí kò sí ìdúró, ìyípadà àti eré àsátúnsá inú bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀, Yo-Yo ló sún mọ́ ọn jù, pápá kan náà ni wọ́n sì lè ti ṣe é." Ìdájọ́ nìyẹn. Ó ní "tó bá jẹ́ pé", ó ní "torí", ó sì dárúkọ ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀. Kò sí point tuntun tó ṣàdédé yọjú níbẹ̀ àfi èyí tẹ́ ẹ ti ń bá bọ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé wọ́n lè gbè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá. Ẹ lè gbè. Kò sí ẹni tó ní kó jẹ́ àárín méjì. Ẹ kàn ti gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu èkejì kẹ́ ẹ sì sọ ìdí tí kò fi wúwo.

Tí wọ́n bá fún yín ní nọ́ńbà

Ìgbà mìíràn téébù tàbí gráàfù máa wà níbẹ̀. Ẹ má kàn dà á kọ, ẹ má ní "A sá 2,400, B sá 2,050". Wọ́n ti rí i. Ẹ sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn lè jẹ́rìí sí àti ohun tí kò lè jẹ́rìí sí. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni ti Tóbi Àmùsàn níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene, Amẹ́ríkà, ní July 2022. Ní semifáínà 100 mítà hurdles ó sá 12.12, ní fáínà ó sá 12.06. Èwo ló yá jù? 12.06. Èwo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọ́ọ̀dù rẹ́kọ́ọ̀dù? 12.12! Torí afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ní fáínà jẹ́ 2.5 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òfin ò sì gbà ju 2.0 lọ. Nọ́ńbà tó kéré jù kọ́ ló wúwo jù. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí téébù, ẹ béèrè pé: ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe é? Pápá kan náà? Èèyàn mélòó? Ta ló wọ̀n ọ́n? Wọ́n tún un ṣe àbí ẹ̀ẹ̀kan péré ni? Méjì nínú ìwọ̀nyí tẹ́ ẹ bá so mọ́ téébù yẹn gan-an ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún 220 tí wọ́n ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ẹ̀ náà. Ọmọ ọdún 17, maximum heart rate ẹ̀ (iye ìgbà tí ọkàn lè lù jù ní ìṣẹ́jú kan) á jẹ́ 203, aerobic zone (ibi tó yẹ kí ìlù ọkàn wà fún eré endurance) tó jẹ́ 60 sí 80 ìdá ọgọ́rùn-ún á wà láàárín nǹkan bí 122 àti 162. Ó wúlò, ó yá, kò gba ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni, ọmọ ọdún 17 méjì kì í ní ọkàn kan náà, ẹni tó bá kọ ìyẹn mọ́ ọn ti ń evaluate.

Tó bá jẹ́ altitude training

Wọ́n fẹ́ràn èyí púpọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Kí eléré lọ gbé ibi gíga kó máa dánra wò níbẹ̀ ni: òkè gíga, 2,000 mítà sókè, oxygen tó ń wọlé sára dínkù, kíndìnrín á tú EPO jáde, ìyẹn hòmóònù tó ń mú kí ara ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa á pọ̀ sí i, tẹ́ ẹ bá padà wálẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á lè gbé oxygen jù. Ohun tó takò ó: èèyàn kò ní lè sáré kíkan níbẹ̀ bó ṣe ń sá a nílẹ̀, àwọn kan máa ń ṣàìsàn, owó ni, àárò ilé ni, àǹfààní ẹ̀ sì ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ so ó mọ́ ẹni inú kwẹ́ṣìn. Ẹni tó ń sá marathon, ó lè tó bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tó ń sá 100 mítà, kí ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn ṣe? Ẹ rántí Mexico City ní 1968, ìlú yẹn ga tó 2,240 mítà, Bob Beamon fò 8.90 mítà nínú long jump níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ sì wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́, àwọn eléré ọ̀nà jíjìn sì ń jìyà níbi Olympics kan náà.

Tó bá sì jẹ́ pé eléré wa nílé níbí ni wọ́n béèrè nípa ẹ̀, ẹ má kọ pé kó máa sáré gun orí òkè ní Ifẹ̀. Ifẹ̀ àti Iléṣà méjèèjì kò tó 500 mítà. Ẹ má ní kó lọ Jos náà, nǹkan bí 1,200 mítà ni Jos. Iten ní Kenya ló tó nǹkan bí 2,400. Owó ọkọ̀ òfúrufú wá di ara ìwọ̀n yín nìyẹn, ẹni tó bá kọ ọ́ ti gba AO2 àti AO3 pọ̀.

Tó bá jẹ́ tíọ́rì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ evaluate

Ibí làwọn ọmọ A-level àti ti yunifásítì ti máa ń ṣubú jù, torí wọ́n rò pé tíọ́rì kò ṣe é takò. Ó ṣe é takò dáadáa. Ẹ mú inverted-U (gráàfù tó rí bí U tí wọ́n dojú ẹ̀ dé), tó ní bí arousal, ìyẹn bí ara àti ọkàn ṣe ń gbóná sí eré, ṣe ń gòkè ni iṣẹ́ ń dára títí dé àárín, tó bá kọjá ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó bá ohun tá à ń rí lórí pápá mu, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ẹni tó fẹ́ gbá penalty fi lè gbá a sójú ọ̀run nígbà tí ìbẹ̀rù bá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Yerkes àti Dodson, àwọn onímọ̀ tí tíọ́rì náà ti ara iṣẹ́ wọn wá, ní 1908, eku ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ń fi iná mànàmáná kékeré gán wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́. Láti ara eku dé ara agbábọ́ọ̀lù, ọ̀nà jìn. Síwájú sí i, gráàfù náà ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, eléré sì lè dá rú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má lè ṣe nǹkan kan mọ́, ìyẹn ni catastrophe theory fi wá. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà fún tíọ́rì èyíkéyìí: ta ni wọ́n fi ṣe é, kí ni ò lè ṣàlàyé, ṣé kóòṣì lè lò ó lórí pápá lọ́la.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fi dánra wò nílé

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu ṣe é, kẹ́ ẹ ṣe é ní Yorùbá. Mo ń sọ òótọ́. Ẹ mú ọ̀rẹ́ yín kan, ẹ jókòó sí sports centre OAU nírọ̀lẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe inter-house, kí ọ̀kan gbè, kí èkejì takò: ṣé ó yẹ kí ọmọ tó ń sá 400 mítà máa ṣe continuous training, sáré gbọọrọ lójú Road 1 lójoojúmọ́? Ẹ máa jiyàn, ẹ sì rí i pé "torí" kò wọ́n lẹ́nu yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè jiyàn lórí Messi àti Ronaldo fún wákàtí méjì, ẹ ò wá lè evaluate? Ẹ̀bùn yẹn náà ni o, ẹ kàn gbé e lọ sórí pépà ni. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú aago níwájú yín.

Past questions àti mark scheme pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lófẹ̀ẹ́, lórí wẹ́búsáìtì àwọn tó ń ṣe ẹgzáàmù náà fúnra wọn. Ẹ ka examiners' report náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ráhùn nípa ohun tí àwọn ọmọ kọ, ráhùnràhún wọn wúlò ju tẹ́síbúùkù mìíràn lọ.

Ẹ mú mẹ́ta yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ evaluate plyometrics (eré fífò láti fi kọ́ agbára ẹsẹ̀) fún ọmọ ọdún 13 tó ń gbá volleyball. Ẹ evaluate VAR fún rẹfirí, fún agbábọ́ọ̀lù àti fún òǹwòran. Ẹ evaluate whole practice (kíkọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìgé e sí wẹ́wẹ́) fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ triple jump. Àkọ́kọ́ yẹn ní pàkúté nínú, ọjọ́ orí ọmọ náà ni kẹ́ ẹ wò, egungun ẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ìkejì, èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ohun tó dùn mọ́ rẹfirí lè má dùn mọ́ òǹwòran tó ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó mọ̀ bóyá góòlù ni.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, kó fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta fa ìlà sí i: búlúù fún ohun tẹ́ ẹ mọ̀, aláwọ̀ ewé fún ibi tẹ́ ẹ ti so ó mọ́ ẹni inú kwẹ́ṣìn, pupa fún ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Tí búlúù bá kún ojú ìwé, tí pupa sì jẹ́ ìlà kan péré nísàlẹ̀, ẹ má tún gbogbo ẹ̀ kọ. Ẹ lọ síbi tí búlúù kọ̀ọ̀kan parí sí, ẹ béèrè pé "kí ló wá kan ọmọ yìí nínú ẹ̀, ṣé ó sì wúwo?", ẹ fi ìdáhùn ẹ̀ kún un níbẹ̀, kí ẹni yẹn tún fa bírò lé e.